Iṣẹ́ Tí Gobnait Rán Mi

Ọ̀nà òkè kì í bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkè.
Ẹ̀yìn ilé Gobnait ni ti Beann Dubh ti bẹ̀rẹ̀,
ní Kerry, létí òkun Írẹ́lándì,
láàárín ọgbà àgùntàn àti táǹkì omi tó ti dípẹtà,
níbi tí géètì onírin kan gbé fara ti òkúta,
tí wọ́n fi okùn búlúù so ó mọ́ òpó
bí ẹni so ewúrẹ́ olè mọ́lẹ̀.

Pákó kan wà lára géètì, ọ̀dà funfun, ìkọ̀wé wọ́gọwọ̀gọ:
ẸNI TÓ BÁ MÚ AJÁ WÁ, KÓ PADÀ.
Lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ mìíràn fi bírò kọ ọ́: ẹ jọ̀ọ́.
Tadhg ló kọ ti òkè kó tó kú.
Ìyàwó rẹ̀ ló fi ti ìsàlẹ̀ kún un.

Mo kan ilẹ̀kùn. Bí a ti ń ṣe é níhìn-ín nìyẹn:
òfin kò fún wa lọ́nà, inúure ló fún wa,
inúure ò sì ní ìwé àṣẹ.
Ó lè kú lálẹ́ ọjọ́ tí ajá ará ìlú ńlá kan
bá fa ọ̀fun àgùntàn mẹ́rin ya.
Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Odindi ọdún kan ni géètì yìí fi wà ní títì.

Gobnait yọjú, ìyẹ̀fun dé e ní ìgbọ̀nwọ́.
Kò wo ojú mi, bàtà mi ló wò.
"Máa lọ. Tọ ẹ̀gbẹ́ ògiri, má gun ògiri.
Abo àgùntàn mi kan ti sọnù láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
ọ̀dà búlúù wà ní èjìká rẹ̀ òsì.
Bá mi wò ó lọ́nà."
Mo ní, "Kò tó nǹkan."

Ẹ bá mi di ọ̀rọ̀ yẹn mú.

Mo tọ ògiri. Ẹrẹ̀ dúdú ń fa bàtà mi mu
bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń fa ọmú.
Mo kọjá ilẹ̀ Gobnait, mo gun àkàsọ̀ onígi kan tó ń mì,
mo bọ́ sí pápá tí ilé méjìlá jọ ni,
tí méjì nínú wọn kì í kí ara wọn mọ́.
Lẹ́yìn náà ni kùrukùru ya lójijì
tí góńgó òkè yọ, ní ìhòòhò, nínú oòrùn.
Ọkàn mi sá ṣáájú ẹsẹ̀ mi.

Lókè: òkìtì òkúta, àgbélébùú irin tó ti tẹ̀.
Erékùṣù mẹ́ta. Adágún mẹ́jọ; mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.
Mo pariwo orúkọ ara mi,
afẹ́fẹ́ gbé e lọ sórí ilẹ̀ onílẹ̀.
Àwọn ògiri wá dà bí ìlà àtẹ́lẹwọ́,
mo sì rò ó nínú mi, èmi tí wọ́n ṣí géètì fún:
ta ló tilẹ̀ ni òkè?

Ìgbà tí ọwọ́ mi kan okùn ní ìsàlẹ̀
ni búlúù rán mi létí búlúù.

"Ṣé o rí i?"
"N kò rí i."
Òótọ́ ni. Òótọ́ tó yá ẹ̀wù irọ́ wọ̀.
Ẹni tí kò wá nǹkan, kí ni yóò rí?
Ó mi orí. Ó bu tíì fún mi nínú kọ́ọ̀bù Tadhg,
ó béèrè bóyá òkun hàn kedere.
Òun kò gun ibẹ̀ rí, ó ní.
"Àgùntàn kì í jẹ òkúta."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ojú ọ̀run mọ́ gaara.
N kò wo góńgó. Kòtò dé kòtò ni mo wá,
mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọ̀pá tú koríko,
títí ilẹ̀ fi ń ṣú.
Ìdì irun kan ni mo rí lára wáyà ẹlẹ́gùn-ún,
ó lè jẹ́ búlúù,
ó sì lè jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ló kùn ún.

Mo fi í sápò. Mo ta géètì ní kókó méjì.
Iná ń tàn ní ilé ìdáná.
Mo gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn.